Kíkó Owó Onírin Ilẹ̀ Nàìjíríà Jọ Títí Yóò Fi Pé: Ọ̀nà fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Owó Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Tó Nǹkan

Àṣamọ̀

Owó onírin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán nínú káràkátà ojoojúmọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ wọ́n ṣì kún inú èdè wa: kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, tàbí olùkọ́ kan ṣoṣo, ṣe lè kó àwọn owó náà jọ títí wọn yóò fi pé láìná owó rẹpẹtẹ. Ó yẹ ohun tí 'pípé' túmọ̀ sí wò, ó to àwọn owó náà lẹ́sẹẹsẹ láti ìgbà ìjọba amúnisìn títí di ọdún 2007, ó sì tọ́ka sí ohun tí òfin sọ nípa títa àti rírà owó náírà. Ìtọ́jú owó, ayédèrú àti ìwúlò àkójọ náà nínú kíláàsì kò gbẹ́yìn nínú àlàyé náà.

Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka ìtàn àròsọ tàbí eré onítàn tí a kọ ṣáájú ọdún 1973 kò ní pẹ́ kó tó kan ibi tí wọ́n ti ń dúnàá-dúrà ní tọ́rọ́ àti sísì. Bí ó bá bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè pé kí ni sísì, ìdáhùn tó sábà máa ń rí gbà ni pé 'owó àtijọ́ kan ni.' Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun. Kò sọ iye tọ́rọ́ tó wà nínú sísì kan. Kò sì sọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì lẹ́yìn tí ìjọba ti pa owó sísì tì.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti yàrá ẹ̀kọ́ lọ. Àwọn owó wọ̀nyí ń run lójoojúmọ́. Àwọn tó ná wọn ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ. Àpótí tí wọ́n kó wọn sí ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí kò mọ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn ń kó wọn fún alágbẹ̀dẹ, àwọn mìíràn ń tà wọ́n ní ìwọ̀n fún àwọn tó ń ra àlòkù irin kiri àdúgbò. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní in lọ́kàn láti kó wọn jọ kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí owó ìjọba yóò wọlé, nítorí pé ohun tí yóò fi owó náà wá kò ní sí mọ́ nígbà náà.

Ó yẹ kí a là á yéni níhìn-ín pé 'owó onírin' ni iṣẹ́ yìí pe owó tí a fi idẹ, bàbà, fàdákà tàbí irin rọ. 'Owó ẹyọ' jẹ́ ti ìkarahun tí àwọn baba ńlá wa ná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń pe méjèèjì ní owó ẹyọ, èyí sì ń da ìtàn rú.

Kí ni 'pípé' túmọ̀ sí?

Ohun tó ń sọ alákòójọ owó di onígbèsè kì í ṣe pé owó àtijọ́ wọ́n. Ohun tó ń sọ ọ́ di onígbèsè ni pé kò pinnu ohun tí yóò pè ní pípé kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ 'gbogbo owó Nàìjíríà' ti dẹ okùn fún ara rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí a lè gbà ka gbogbo náà pọ̀.

A lè kó owó jọ ní irú-irú, ìyẹn ẹyọ kan ṣoṣo fún iye kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. A lè kó o jọ ní ọdún-ọdún, kí a máa wá gbogbo ọdún tí a kọ sára owó kan. A sì tún lè wá àmì ilé tí wọ́n ti rọ ọ́. Bí a bá mú kọ́bọ̀ onihò ti ìgbà amúnisìn nìkan, èyí tí wọ́n rọ láti ọdún 1907 títí di ọdún 1958, a óò rí i pé ọ̀pọ̀ ọdún ló wà lára rẹ̀. Nínú ọdún kan náà, èyí tó ní lẹ́tà H jẹ́ ti ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham, èyí tó ní KN jẹ́ ti King's Norton, èyí tí kò sì ní àmì sábà máa ń jẹ́ ti ilé ìrọwó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ń lé ọdún àti àmì lé e pọ̀ lè fi ogún ọdún wá kọ́bọ̀ nìkan, kó má tíì dé orí tọ́rọ́.

Irú-irú ló bá ilé-ẹ̀kọ́ mu. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, ohun tí a ń wá kò pọ̀ rárá. Ọ̀wọ́ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní iye 7. Ọ̀wọ́ ọdún 1959 ní 6, ti ọdún 1973 ní 5, ti ọdún 1991 ní 5, ti ọdún 2007 ní 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 26. Ẹyọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó lè sọ ìtàn owó onírin wa fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, orí káàdì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ yóò sì gbà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó bá parí èyí lè wá bọ́ sí ọdún-ọdún bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n yóò ti ní ohun tó pé lọ́wọ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti owó ẹyọ dé owó onihò

Owó ẹyọ kò sí lára 26 náà, síbẹ̀ kò yẹ kí àkójọ kankan bẹ̀rẹ̀ láìsí i, nítorí pé òun ni ètò ìṣirò Yorùbá fi ara tì. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ 2,000, èyí tíí ṣe ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ 20,000, èyí tí a ń pè ní ọ̀kẹ́ kan. Irú ẹyọ méjì ló wọ ilẹ̀ wa: èyí tó wá láti erékùṣù Maldives, tí ara rẹ̀ ní igun-igun díẹ̀, àti èyí tó wá láti ìlà-oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àmì bí òrùka pupa rẹ́súrẹ́sú yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Àwọn lẹ́kùlẹ́ja ń ta méjèèjì lọ́jà títí di òní. Ẹni tó bá ra ogójì, tí ó sì sín wọn sókùn, ti ní ohun ẹ̀kọ́ tí kò ná an ní nǹkan púpọ̀.

Ọdún 1907 ni owó onírin tí wọ́n dìídì rọ fún agbègbè yìí kọ́kọ́ jáde. Onínì, èyí tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, àti kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Nàìjíríà àti ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ kọ sára wọn. Ẹ̀pìnnì tẹ̀ lé e ní 1911. Ní ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀ láti máa bójútó owó Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia pọ̀. Láti ọdún 1913 ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Fàdákà ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, fàdákà wọ́n gógó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ wọ́n láti ọdún 1920.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí kò lówó ni pé kò sí ìdí láti ra ṣílè fàdákà. Iye fàdákà tó wà nínú rẹ̀ ni oníṣòwò yóò kọ́kọ́ wò kó tó dá iye lé e. Ṣílè onídẹ ti ìgbà Ọba George Kẹfà ní igi ọ̀pẹ kan náà lára, orúkọ kan náà ni Yorùbá ń pè é, iṣẹ́ kan náà ni yóò sì ṣe nínú kíláàsì.

Onínì ọdún 1907 àti 1908 tún jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ ọ́; ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kò bá a lára mu, ó ń jẹ ẹ́, nítorí náà wọ́n pa á tì ní 1908, wọ́n sì fi àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Onínì alumíníọ̀mù tó bá ṣẹ́ kù pẹ̀lú ara tó dán ṣọ̀wọ́n. Àkójọ irú-irú kò nílò rẹ̀. Onínì ti ọdún èyíkéyìí ti tó.

Nínú gbogbo owó onihò wọ̀nyí, èyí tó yẹ kí olùkọ́ fi ojú pàtàkì wò ni ti ọdún 1936. Edward Kẹjọ gorí oyè ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, owó tó ní àwòrán orí rẹ̀ kò jáde fún àwọn ará ìlú láti ná. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n rọ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ti di ohun tí olówó ńlá nìkan lè rà. Ṣùgbọ́n owó onihò tiwa kò ní àwòrán orí ọba kankan, nítorí ihò wà láàárín; orúkọ ọba nìkan ló wà lára wọn. Orúkọ Edward Kẹjọ ni wọ́n kọ sára onínì, ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ ọdún 1936, wọ́n kó wọn wá, àwọn ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta sì fi wọ́n ra ẹ̀kọ àti àkàrà. Wọ́n rọ wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀ débi pé wọn kò wọ́n títí di òní. Ohun tí olówó Lọ́ńdọ̀nù ń wá tí kò rí, ó lè wà nínú ìkòkò ìyá àgbà kan ní Ṣakí.

Nítorí èyí, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lè yan àkójọ kan tó kéré ju 26 lọ: kọ́bọ̀ onihò kan fún ọba kọ̀ọ̀kan. Edward Keje, George Karùn-ún, Edward Kẹjọ, George Kẹfà, Elizabeth Kejì. Márùn-ún péré ni, ó sì pé.

Owó Báńkì Àpapọ̀

Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 1959. Owó onírin mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde: ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́ onígun méjìlá tó ní òwú lára, sísì tó ní kòkó lára, ṣílè, àti ṣílè méjì. Láti orí tọ́rọ́ lọ sókè, orí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wà ní ojú kejì. Ọdún 1959 ni a óò bá lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ṣílè nìkan ló tún ní 1961 àti 1962. Ẹni tó ń kó owó jọ ní ọdún-ọdún pàápàá kò ní wàhálà púpọ̀ lórí ọ̀wọ́ yìí.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, náírà kan sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀. Owó onírin márùn-ún ló jáde: ààbọ̀ kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ 5, kọ́bọ̀ 10 àti kọ́bọ̀ 25. Kànga epo rọ̀bì wà lára kọ́bọ̀ kan, kòkó wà lára kọ́bọ̀ 5, ọ̀pẹ wà lára kọ́bọ̀ 10, ẹ̀pà sì wà lára kọ́bọ̀ 25. Ẹni tó bá tò wọ́n sílẹ̀ yóò rí ìtàn ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí ní ojú kan: ohun ọ̀gbìn tó ń bọ́ ìjọba lánàá, àti epo tó ti ń yọjú láti ara ẹyọ kékeré. Ààbọ̀ kọ́bọ̀ ni ó máa ń gbé alákòójọ dúró nínú ọ̀wọ́ yìí, nítorí pé ọdún 1973 nìkan ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ó kéré, ó sì rọrùn láti sọnù. Kọ́bọ̀ 25 náà kò pọ̀ ní ọdún. 1973 àti 1975 ni.

Ní ọdún 1991 ọ̀wọ́ tuntun jáde: kọ́bọ̀ 1, 10 àti 25 tí wọ́n fi bàbà bo irin, kọ́bọ̀ 50 tó ní àgbàdo lára, àti náírà kan tó ní àwòrán Herbert Macaulay, àwọn méjèèjì ìkẹyìn yìí tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bo irin. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ya kọ́bọ̀ ọdún 1973 sọ́tọ̀ kúrò lára ti 1991 nígbà tí ọdún bá ti pa rẹ́ ni òòfà: ti 1991 yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ti 1973 kò ní lẹ̀. Òòfà kékeré inú gbohùngbohùn rédíò tó bàjẹ́ ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2007, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 2006 ni a kọ sára wọn: kọ́bọ̀ 50, náírà kan, àti náírà méjì. Àwọ̀ méjì-méjì ni náírà kan àti náírà méjì ní, àárín ọ̀tọ̀, etí ọ̀tọ̀. Ọjà kọ̀ wọ́n láìpẹ́. Àwọn oníṣòwò kò fẹ́ gbà wọ́n, àwọn awakọ̀ kò fẹ́ fi wọ́n ṣe ṣéńjì, nígbà tó sì yá, kò sí ohun tí wọ́n lè rà mọ́. Òun ló fà á tí ọ̀wọ́ tó kéré ní ọjọ́ orí jù lọ fi ṣòro láti rí ju kọ́bọ̀ onihò ayé àtijọ́ lọ ní ibòmíràn: àwọn èèyàn kò rò pé ohun tó yẹ kí a pa mọ́ ni.

Ohun tí òfin sọ

Àlàyé yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò mọ̀ ọ́n. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, kò dúró lórí nína owó lójú agbo àti títẹ owó mọ́lẹ̀ nìkan. Ó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni máa kiri owó náírà, bébà tàbí onírin, tàbí kó máa tà á. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì.

Nítorí náà, kò yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ fi owó ra kọ́bọ̀ àti náírà onírin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó mọ́ ni kí a tọrọ wọn, tàbí kí a gbà wọ́n ní iye tí a kọ sára wọn gan-an. Owó West African Currency Board kò sí lára ohun tí òfin náà dárúkọ, nítorí kì í ṣe owó náírà, kì í sì í ṣe Báńkì Àpapọ̀ ló gbé e jáde. Èyí dá ìṣirò àpò alákòójọ sí méjì fúnra rẹ̀: ìdajì àkójọ, ìyẹn 13 tó jẹ́ ti kọ́bọ̀ àti náírà, kò gbọdọ̀ ná an ní ju iye ojú wọn lọ. Ìwọ̀nba owó tó bá ní yóò wá lọ sórí ìdajì kejì.

Ibi tí owó péréte yẹ kó lọ

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí owó lọ síbì kankan rárá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ní ohun tí alákòójọ aládàáni kò ní: ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí ìlú àti abúlé wọn ní gbogbo ìsinmi. Bí ẹ̀ka Yorùbá bá fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní bébà kan tí orúkọ owó 26 náà wà lórí rẹ̀, tí ó sì ní kí wọ́n bi àwọn àgbà léèrè, sáà kan tàbí méjì yóò mú ọ̀pọ̀ wọlé. Ọ̀nà ìbéèrè ṣe pàtàkì o. Ọmọ tó bá wọlé tọ àgbàlagbà lọ tó ní òun ń wá owó àtijọ́ lè mú kí wọ́n fura sí i, nítorí ohun tí ayé ti sọ owó àtijọ́ dà. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó sì kọ́kọ́ béèrè ìtàn: 'Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni wọ́n ń fi tọ́rọ́ rà nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?' Lẹ́yìn ìtàn ni ìyá yóò fúnra rẹ̀ rántí pé ọ̀kan wà nínú àpótí. Bí kò bá sì fẹ́ fi í sílẹ̀, ó ní ìdí rẹ̀, ọmọ kò gbọdọ̀ fi dandan lé e.

Fún irú owó tí ẹni tó ni í kò fẹ́ fi sílẹ̀, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ àti pẹ́ńsù ti tó. Kí a gbé bébà lé owó náà, kí a rọra fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù rà á títí àwòrán àti lẹ́tà yóò fi hàn. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí a kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀, yẹ kó wà ní àyè owó náà lórí káàdì títí ojúlówó yóò fi dé. Ó dára ju àyè òfìfo lọ, ó sì ń rán gbogbo ẹni tó bá wò ó létí ohun tó kù.

Ìgbà tí ìtọrọ bá ti dáwọ́ dúró ni ríra tó kàn, ohun tó ṣòro jù ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ fi owó náà rà. Ọ̀pọ̀ alákòójọ ń ṣe òdìkejì èyí: wọ́n á ná gbogbo owó wọn lórí ohun tó wà káàkiri, nígbà tí ohun tó ṣọ̀wọ́n bá wá yọjú, àpò ti gbẹ. Kọ́bọ̀ onihò tí a bá rà lónìí, ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú mẹ́ta wá lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìparí sáà. Mẹ́ta náà kò sì ṣòfò. Èyí tó bá pọ̀ ju ọ̀kan lọ nínú owó àtijọ́ ni pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn.

Àwọn ìbátan tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lè ṣèrànwọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ àwọn owó onihò wọ̀nyí, àwọn oníṣòwò owó àtijọ́ ibẹ̀ sì máa ń da owó ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ sínú àpótí kan tí wọ́n ń tà ní ẹyọ-ẹyọ ní owó pọ́ọ́kú, nítorí kò sí ẹni tó ń béèrè wọn lọ́hùn-ún bí a ti ń béèrè wọn níbí.

Ní ti ipò tí owó wà, kí ọdún àti iye rẹ̀ ṣeé kà ni ohun àkọ́kọ́. Dídán rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Wọ́n rọ ọ̀wọ́ 1959 àti 1973 kan ní àrà ọ̀tọ̀, tí ń kọ mànà bí dígí, tí wọ́n sì tò sínú àpò ẹlẹ́wà fún àwọn alákòójọ. Wọ́n rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kankan kò ná wọn rí. Sísì tí ojú rẹ̀ ti fẹ́ pa rẹ́ nítorí pé ó ti gba ọwọ́ alákàrà, ọlọ́kọ̀ àti agbowó-orí kọjá sọ ìtàn Yorùbá ju èyí tó ti inú ilé ìrọwó bọ́ sínú àpótí lọ.

Ayédèrú àti àhesọ

Ayédèrú owó kì í ṣe ohun òní. Ní àkókò amúnisìn, pàápàá lẹ́yìn tí idẹ rọ́pò fàdákà, àwọn alágbẹ̀dẹ kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà rí i pé ohun tí òyìnbó fi rọ ṣílè kò kọjá ohun tí àwọn náà mọ̀ ọ́n rọ. Òpìtàn Tóyìn Fálọlá ti kọ iṣẹ́ lórí àwọn ayédèrú owó ìgbà náà, agbègbè Ìjẹ̀bú sì wà lára ibi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn jù. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kò yẹ kí wọ́n jù ú nù. Kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojúlówó, kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ayédèrú ni. Etí rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, àti lẹ́tà rẹ̀ tí kò gún yóò fi í hàn. Ohun ìtàn ni òun náà. Ó fi ìmọ̀ ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa hàn bí ó ti fi ìwà ọ̀daràn hàn.

Èyí tó yẹ kí a sá fún ni àhesọ pé kọ́bọ̀ kan báyìí tó mílíọ̀nù. Owó tí wọ́n rọ lọ́pọ̀lọpọ̀ kò lè wọ́n tó bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹni tó bá gba irú ìròyìn yìí gbọ́ yóò pa owó rẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì wá pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Ibi ìwé àkọsílẹ̀ owó bíi Numista, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti tó láti fi mọ irú owó, ọdún rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi rọ ọ́. Báńkì Àpapọ̀ náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé owó ní Àbújá.

Ìtọ́jú

Kò sí ohun tó ń ba owó jẹ́ bí ìmọ́tótó tí kò yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba kọ́bọ̀ dúdú wálé a fẹ́ kó dán, a fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, iyanrìn tàbí ọṣẹ ìfọkòkò gbo ó. Ara tó dúdú náà ló ń dáàbò bo owó. Bí a bá gbo ó kúrò, ara owó yóò họ, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Omi lásán, kí a sì fi aṣọ òwú rírọ̀ gbà á gbẹ láìra á, ni òpin rẹ̀.

Kí a máa fi ìka méjì di etí owó mú, kì í ṣe ojú rẹ̀, nítorí òógùn ọwọ́ ń jẹ bàbà. Ọ̀rá tó rọ̀ tó sì ń rùn bí aṣọ òjò tuntun ń sun nǹkan tútù bí ewé sára idẹ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àpò-ìwé kékeré tí a fi bébà funfun ṣe kò wọ́n, ó sì dára jù ú lọ. Kí a kọ nọ́ńbà owó sára àpò-ìwé náà kí a tó fi owó sínú rẹ̀. Ibi gíga tó gbẹ ni kí a gbé àpótí sí, pàápàá ní àkókò òjò.

Nínú kíláàsì

Ìṣirò ni ibi tí àkójọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ jù. Kọ́bọ̀ méjìlá ló wà nínú ṣílè kan. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà. Nígbà tí náírà dé ní 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan bọ́ sí kọ́bọ̀ 10 tuntun gẹ́lẹ́, sísì sì bọ́ sí kọ́bọ̀ 5. Ìyẹn ni àwọn ìyálọ́jà kò fi yí orúkọ padà: owó yàtọ̀, iye kò yàtọ̀. Kọ́bọ̀ 25 jẹ́ ṣílè méjì àti sísì kan. Tọ́rọ́ ni kò rí ibi dúró sí, nítorí pé kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ ni, kò sì sí owó kan tó jẹ́ iye bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ohun mìíràn: orúkọ tí a ń pe pẹ́nì àtijọ́ ló di orúkọ owó tuntun, tí iye rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kó owó méjèèjì sí lọ́wọ́ yóò rí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń gba ìtumọ̀ tuntun láìpààrọ̀ ìró rẹ̀, kò sì ní nílò kí a máa ka ìlànà ìyípadà ìtumọ̀ fún un látinú ìwé.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni ohun tó kẹ́yìn tó yẹ kí a fi ọwọ́ líle mú. Kí nọ́ńbà owó kọ̀ọ̀kan, orúkọ owó náà, ọdún ara rẹ̀, ìlú tó ti wá, ẹni tó fi sílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó sọ nípa rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá kan, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní yàrá ìkàwé. Ọ̀pọ̀ àkójọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń bá olùkọ́ tó dá a sílẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ̀yìn tì tàbí tí wọ́n bá gbé e lọ sí ibòmíràn, kì í ṣe nítorí olè, bí kò ṣe nítorí pé kò sí ìwé tó sọ pé ti ilé-ẹ̀kọ́ ni. Kí olórí ẹ̀ka àti alábòójútó yàrá ìkàwé jọ fọwọ́ sí ìwé náà ní ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ bá wọlé, kí wọ́n sì jọ ka owó náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.